Má-fọhùn àti Fídíò Gígábáìtì Méje

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù Má-fọhùn, ìyá télọ̀ kan, nígbà tó ń gé aṣọ lọ́wọ́, tó sì kí i títí tí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, kò ní dáhùn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń sọ pé kì í ṣe ìgbéraga. Ìgbéraga ni. Àmọ́ a ò lè di gbogbo ẹ̀bi náà rù ú, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ ní ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn gbà pé ìwọ̀n tí a bá fi ẹnu sọ ti di ti gbogbo àdúgbò, pé ìwọ̀n tí a bá fi ojú rí ni ti ẹni tó lójú. Ìka ló fi máa ń tọ́ka sí nọ́ńbà lórí téèpù, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á gé e, ó parí. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá rí i, kó lọ wá ojú míì. Èyí tó bá sì ṣèèṣì béèrè pé kí ló dé, ìgbálẹ̀ ni yóò fi ọ̀sẹ̀ kan bá sọ̀rọ̀. Má-fọhùn kò béèrè rí. Ó wò ó títí ó fi mọ̀ ọ́n, ó parí iṣẹ́ kíkọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òun náà sì di ẹnu pa. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ó há sáàárín ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, tó fi jẹ́ pé ariwo irin ń wọlé láti apá ọ̀tún, ooru áyọ́ọ̀nù ń wọlé láti apá òsì, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tábìlì ìgéṣọ gba ìdajì rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì dojú kọ ògiri, dígí gígùn kan sì wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, níbi tí oníbàárà ti máa ń na ọwọ́ sókè wò.

Nínà ọwọ́ sókè yẹn ni gbogbo òkìkí Má-fọhùn. Gáùn tí télọ̀ mìíràn bá rán, bí obìnrin tó wọ̀ ọ́ bá ti na apá báyìí láti mú nǹkan lórí pẹpẹ, gbogbo aṣọ á bá apá lọ, etí rẹ̀ á fò sókè, itan á yọ síta, olúwarẹ̀ á wá máa fi ọwọ́ kan fa aṣọ wálẹ̀ bí ẹni tí olè ká mọ́ ilé ìwẹ̀. Gáùn Má-fọhùn kì í mì. Olùkọ́ lè fi í kọ̀wé dé orí pátákó lókè téńté, etí aṣọ ò ní kúrò níbi tó wà. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé inú ihò apá, ibi tí wọ́n ti ń rán apá aṣọ mọ́ ara rẹ̀, ni àṣírí náà wà. Ohun tó ń ṣe sí ihò apá ọ̀hún, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, torí ẹni tó ń ṣe é ò lẹ́nu.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ kan, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó kọ́kọ́ bú u. Nígbà tí èébú ò wò ó sàn, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ya fọ́tò eegun rẹ̀, ó ní oríkèé ti gbó tán, pé bó bá pẹ́ jù, láàárín ọdún kan, sísọ́ọ̀sì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìpadà. Má-fọhùn bú dókítà náà, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ohun tí yóò jẹ. Ó ti tọ́jú ìyẹn. Kò bímọ. Ọmọ iṣẹ́ kankan ò sí nílẹ̀, nítorí pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò fẹ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni mọ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ ohun gbogbo, títí kan bí wọ́n ṣe ń mí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kú, ihò apá yẹn bá a kú nìyẹn, àfi bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan láyé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún débi pé ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, ẹni tí kì í sọ nǹkan gidi fún.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí, Kedere ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe, kò sì sí àrùn tó burú tó ìfẹ́ tó ní sí kí nǹkan mọ́lẹ̀ kedere. Kámẹ́rà rẹ̀ tóbi bí àpótí arìnrìn-àjò. Kì í wo fídíò tó bá ṣókùnkùn díẹ̀, ó ní ó ń fún òun ní èébì. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ta ilé ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rí pé kó ya ilé náà fún àwọn tó fẹ́ rà á. Kedere yà á. Ó mọ́lẹ̀ débi pé gbogbo ibi tí ògiri ti sán, tí òjò ti jò, tí ikán ti jẹ férémù, gbogbo rẹ̀ hàn bí ẹni fi ẹran han ajá. Kò sẹ́ni tó ra ilé. Nígbà tí onílé ń bínú, ohun tí Kedere ń sọ ni pé, "Àmọ́ ẹ wo bí ibi tó sán yẹn ṣe mọ́lẹ̀, sà!"

Òun ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ya iṣẹ́ yín sínú fídíò. Ẹ ó máa gé e, èmi á máa yà á, àwọn tó bá fẹ́ kọ́ ọ á forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù. Kí ọwọ́ yín tó dákẹ́, ó ti wọ ọwọ́ èèyàn bí ogún."

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló forúkọ sílẹ̀, láti ìlú orí-ò-jorí. Wọ́n kó gbogbo wọn sí gúrúùpù kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Má-fọhùn ní kí àbúrò rẹ̀ kọ síbẹ̀ ni pé ojú ni kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìbéèrè, òun á yọ ọ́ kúrò. Ọ̀gá àtijọ́ ti jí dìde nìyẹn, ìgbálẹ̀ nìkan ló kù.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ya ẹ̀kọ́ nípa ihò apá, Kedere gbé iná ńláńlá mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù. Ooru áyọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀, ooru iná tún dé. Má-fọhùn gé aṣọ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko, òógùn ń kán sórí aṣọ, kò sọ gbólóhùn kan. Ó na téèpù, ó fi ìka tẹ nọ́ńbà, ó fa ìlà, ó gé e. Kedere ní kí òun fi orin sí i lábẹ́ kó má baà gbẹ.

"Ṣé orin ló máa gé e?" ni Má-fọhùn bi í.

Nígbà tí fídíò náà jáde, gígábáìtì méje ni. Kedere gbé e sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lóòótọ́, ó dára. Èèyàn lè ka fọ́nrán òwú. Nọ́ńbà kéékèèké tó wà lórí téèpù hàn gbangba, títí dé ìlà tín-ín-rín tó wà láàárín íńṣì kan sí èkejì. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

Ẹkún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹnìkan kọ̀wé pé fóònù òun ní ó ku ọjọ́ méjì kó tó wọlé tán. Ẹnìkan ti pa fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà, àyè náà ò sì tó. Ti ẹlòmíràn dé ìdá méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, nígbà tó padà dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dín in kù, pé dátà àwọn ti tán.

"Ẹ gbọ́ wọn," Má-fọhùn ní. "Ọdún mẹ́rin ni èmi fi dúró lórí ẹsẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀gá mi. Ọjọ́ méjì pọ̀ lójú wọn."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni Kedere fi kún un, òun tí kò tíì bẹ́ igi rí.

Síbẹ̀, nítorí pé àtàǹpàkò náà ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n jókòó láti wò ó bóyá nǹkan ṣeé dín kù. Kedere ṣe é ní oríṣi mẹ́ta. Ó fi èyí tó tóbi hàn án: gígábáìtì méje, kedere. Ó fi ti àárín hàn án: gígábáìtì kan, nọ́ńbà ńláńlá orí téèpù ṣì ń hàn bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn ìlà kéékèèké ti wọlé lọ. Ó wá fi kékeré hàn án: mẹ́gábáìtì àádọ́rùn-ún, fóònù èyíkéyìí á gbé e mì bí oògùn. Nínú ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì ti di ìkùukùu, nọ́ńbà ti di èèrà, ìka Má-fọhùn márààrún sì ti lẹ̀ mọ́ra bíi búrẹ́dì tí omi dà sí.

"Ọwọ́ mi nìyí?"

"Ọwọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Pa á rẹ́."

"Bí nọ́ńbà ò bá hàn, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́?" Kedere ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà."

Má-fọhùn gbà fún un. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti já wọn lẹ́nu ọmú tí àwọn méjèèjì á fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pa ti àárín àti ti kékeré rẹ́. Gígábáìtì méje ni, ẹni tó bá wù kó rọ́jú gbà á, ẹni tí kò bá wù kó lọ máa hun apẹ̀rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń tún fóònù ṣe rọ́jú gba odindi fídíò náà, ó fún un mọ́ra bí ẹni fún aṣọ tútù, ó sì yọ́ ọ pín fún àwọn tó kù ní mẹ́gábáìtì ogójì. Gúrúùpù dákẹ́ lójijì. Kò sẹ́ni tó tún sunkún dátà mọ́. Kedere ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti gbọ́n." Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn láti fi iṣẹ́ wọn hàn, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Má-fọhùn wo ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó wo ìkejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gáùn mẹ́tàlélógún ló wo, gbogbo wọn ni apá wọn ń fì wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀ lábẹ́ abíyá bí ìyẹ́ àdán. Ihò apá ti lọ sísàlẹ̀ dé ibi egungun ìhà. Kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀. Gáùn burúkú gan-an ni, irú èyí tí télọ̀ gbogbo ayé ń rán, àfi bí ẹni pé wọn ò pàdé Má-fọhùn rí láyé wọn.

"Mẹ́jọ àbọ̀," ó ní, nígbà tó ti fi ojú wọn ìkẹyìn tán. "Íńṣì mẹ́jọ àbọ̀ ni gbogbo wọn gé láti èjìká dé abíyá. Ṣé mo gé mẹ́jọ àbọ̀ ni?"

Kedere ti gba ẹ̀dà tí wọ́n fún mọ́ra yẹn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí fóònù. Ó gbé e wá, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ wò ó fúnra yín! Mẹ́fà àbọ̀ tí ẹ fi ìka tẹ̀, ṣé kò jọ mẹ́jọ àbọ̀ níbí? Mo wí bí? Mo ní nọ́ńbà á di èèrà!" Ó jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí gúrúùpù, tó fi èébú ṣe iyọ̀ rẹ̀, nípa àwọn èèyàn tó ń fi dátà ṣahun, tí wọ́n sì fẹ́ di ọ̀gá. Má-fọhùn kà á, ó ní kó fi "aláìnítìjú" kún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé wákàtí kan níbẹ̀ tí fóònù fi dún. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní ìlú mìíràn, tó fẹ́ kọ́ bó ṣe lè máa rán aṣọ iṣẹ́ fún ara rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni kò sunkún rí nínú gúrúùpù. Kedere gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ má bínú sí wọn, mà. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ìwọ lo fún fídíò mọ́ra ni?"

"Rárá, mà. Èmi ò wo èyí tí wọ́n fún mọ́ra rárá. Odindi ni mo gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbà á ní ilé ìwòsàn, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Mo rí i dáadáa. Kódà, mà, mo rí ṣọ́ọ̀kì abẹ́ èékánná yín."

Kedere gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n yìn ní gbangba.

"O rí i," Má-fọhùn ní. "Kí wá ni mo tẹ̀?"

"Mẹ́fà àbọ̀, mà."

"Èwo ni ìwọ gé?"

"Mẹ́jọ àbọ̀. Mo rò pé ẹ ṣì í tẹ̀ ni, mà. Gbogbo ibi tí mo ti kà á, mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n ní. Mo tún rí i tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n díẹ̀. Mo ní àgbà ti dé bá màmá, kò yẹ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn yòókù pè mí pé nọ́ńbà ò hàn lórí tiwọn, mo sọ fún wọn, àti fún ẹni tó fún fídíò mọ́ra, pé mẹ́jọ àbọ̀ ni, kí ojú má baà tì yín."

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ. Ariwo ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Gígábáìtì méje, iná mẹ́ta, fọ́nrán òwú tí èèyàn lè kà, obìnrin yìí rí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ó sì fi àánú bò ó mọ́lẹ̀. Má-fọhùn fúnra rẹ̀, tó ti fi ọdún márùndínlógójì gan gbogbo télọ̀ tó wà láyé, jókòó sórí àga ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú tì í. Ojú tì í gidigidi, nítorí kò sẹ́ni tó ṣàánú rẹ̀ rí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

"Kí ló dé tí o ò béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ ní ẹni tó bá béèrè, ẹ ó yọ ọ́, mà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe àṣìṣe ni, mà?"

"Kì í ṣe àṣìṣe."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ mẹ́fà àbọ̀?"

Má-fọhùn ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi pamọ́ mọ́. Kò sọ ọ́ rí ni. Ọ̀gá rẹ̀ ò sọ ọ́ fún un, òun náà ò sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ náà ló sì ń kú lọ. Ó dìde, ó dúró níwájú dígí, ó ti ìka bọ abíyá ara rẹ̀, ó na apá sókè, ó sọ ọ́ wálẹ̀, ó tún nà á. Kedere rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Gbọ́," ó ní. "Bí o bá gé ihò apá lọ sísàlẹ̀, ìhà aṣọ lo so apá mọ́. Bí apá bá gbéra, á fa ìhà, ìhà á fa ìdí, gbogbo aṣọ á gbéra. Ẹ rò pé bí ihò bá ṣe tóbi tó ni apá á ṣe rí àyè tó. Irọ́ ni. Kó sún mọ́ abíyá. Kó sún mọ́ ọn débi tí o máa rò pé ó fún. Apá nìkan ló máa lọ nígbà náà. Aṣọ á dúró jẹ́ẹ́ sí ibi tó wà." Ó mí. Nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ bó ṣe máa dúró. Ó sọ ti èjìká, ó sọ iye tí wọ́n máa fi lé e fún ẹni tó sanra, ó sọ iye tí wọ́n máa yọ fún ẹni tó gbẹ. Oníkọ́kọ́rọ́ dá iṣẹ́ dúró, ó ń gbọ́. Má-fọhùn rí i, ó sì ń bá a lọ.

"Mo ti gba ohùn yín sílẹ̀, mà," nọ́ọ̀sì náà ní nígbà tó parí. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí wọn?"

Mẹ́gábáìtì mẹ́ta péré ni. Kí Kedere tó fi ọwọ́ nu ojú, ó ti dé orí fóònù gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀!" ni Kedere pariwo. "Wọn ò ní rí nǹkan kan!"

"Wọ́n ti rí tìẹ," Má-fọhùn ní. "Kó àwọn iná rẹ kúrò lórí aṣọ mi."

Ní ọjọ́ kẹfà, fọ́tò kan wọlé láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó jọ pé inú yàrá tí iná ò ti dára ni ẹnìkan ti bá a yà á, fóònù tí wọ́n fi yà á ò sì jọ nǹkan gidi. Ojú obìnrin náà ò hàn. Ó na apá sókè gan-an, ó ń so ike omi oògùn kọ́ sórí irin gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, gáùn tuntun wà lọ́rùn rẹ̀. Kedere wò ó láti ẹ̀yìn, ó ṣe ẹnu ṣọ̀ọ̀, ó ní èyí kì í ṣe fọ́tò, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Má-fọhùn ò wo ojú, kò wo iná. Etí gáùn ló wò. Ó wà níbi tó yẹ kó wà, ní ìsàlẹ̀ orúnkún, kò mì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó bọ́, torí pé inú rẹ̀ dùn jù. Ó fi àtàǹpàkò tó ti le yẹn fẹ fọ́tò náà lójú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó fa ojú ro.

"Ọrùn gáùn yìí wọ́ sápá òsì," ó ní.

Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó sún un mọ́ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó fà á.